Ṣé ó yẹ kí akọrin tó ti dàgbà fi máìkì sílẹ̀? Ohun tí mo rí kọ́ lára Tony Bennett

Arábìnrin kan ní Ìbàdàn ló kọ̀wé sí mi báyìí: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Mo wo fídíò kan tí Tony Bennett, akọrin ará Amẹ́ríkà yẹn, àti Lady Gaga ti jọ ń kọrin ní New York. Wọ́n ní bàbá náà ti pé ọdún 95, àti pé àrùn ìgbàgbé ti mú un débi pé kò mọ ohun tó jẹ láàárọ̀ mọ́. Báwo ló ṣe wá ń rántí orin? Ṣé ohùn rẹ̀ nìyẹn lóòótọ́ àbí àwo ni wọ́n gbé sí i? Àbí àwọn ọmọ rẹ̀ kàn ń fi í pawó ni? Dádì mi náà ti ń kọrin láti kékeré, òde àríyá ò sì tíì sú wọn. Wọ́n ti pé 73. Ohùn wọn ti ń há, wọ́n tún ti ń gbàgbé orin láàárín agbo. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní kí wọ́n fi máìkì sílẹ̀ kí wọ́n má bàa di ẹni yẹ̀yẹ́. Kí ni Bennett ṣe tí tiẹ̀ fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀?"

Àbúrò mi, mo ka ìwé rẹ tán, mo sì rí i pé dádì rẹ ló wà lọ́kàn rẹ, ọ̀dọ̀ Bennett lo kàn gbà wọlé. Kò burú. Ṣùgbọ́n o ti da ọ̀rọ̀ ohùn, ọ̀rọ̀ ọpọlọ àti ọ̀rọ̀ owó pọ̀ sójú kan, bẹ́ẹ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ohùn lè lọ kí orí ṣì pé. Orí sì lè ti ń gbàgbé nǹkan kí ohùn ṣì le koko. Kíkọ́ èèyàn bí wọ́n ṣe ń lo ohùn ni iṣẹ́ mi, mi ò kí ń ṣe dókítà. Ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti kọjá ọ̀fun, ohun tí dókítà rẹ̀ àti àwọn ará ilé rẹ̀ sọ ní gbangba ni màá gbé ka iwájú rẹ.

Kí n kọ́kọ́ mú ti àwo kúrò nílẹ̀. Ohùn tó o gbọ́ yẹn, ohùn rẹ̀ ni. Radio City Music Hall ni wọ́n ti ṣe eré náà, ní ọjọ́ 3 àti ọjọ́ 5 oṣù Kẹjọ 2021, ọjọ́ 3 yẹn gan-an ló sì pé ọdún 95. Bó o bá tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa, wàá gbọ́ pé kò dán bíi ti àtijọ́ mọ́, pé àwọn ibì kan wà tó ti ń sọ ọ̀rọ̀ orin dípò kó fà á. Àwo ò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Kódà nígbà tó ti lé ní 80 ọdún, ó máa ń gbé máìkì sílẹ̀ tó bá kù díẹ̀ kí eré parí, nínú gbọ̀ngàn ńlá bíi Royal Albert Hall ní London, á sì kọ odidi orin kan láìsí ẹ̀rọ kankan, ẹni tó jókòó sí òkè téńté á máa gbọ́ ọ. Mo mọ àwọn ọ̀dọ́ tí ohùn wọn dùn gan-an tí wọn ò lè dán irú ẹ̀ wò ní ṣọ́ọ̀ṣì tí èèyàn inú rẹ̀ ò tó ọgọ́rùn-ún.

Ibi tí ohùn yẹn ti wá la máa wò. Anthony Dominick Benedetto ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Queens ní New York ni wọ́n bí i sí ní 1926. Ọmọ Calabria ní Ítálì ni bàbá rẹ̀, ó ń ta oúnjẹ ní ṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ò le, ó sì kú nígbà tí ọmọ náà wà ní ọdún 10. Ìyá wá ku òun pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta. Aṣọ ló ń rán jẹun, iye aṣọ tó bá rán ni wọ́n sì ń sanwó fún. Bennett sọ ọ́ títí tó fi darúgbó pé òun máa ń jókòó ti ìyá òun bó ti ń rán an, pé tí wọ́n bá ti kó aṣọ tí kò dáa mọ́ iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un, ńṣe ló máa jù ú sẹ́yìn, tó máa ní òun ò rán ìyẹn. Owó ò sí nílé o, ó sì ń ju iṣẹ́ nù. Mo fẹ́ kó o fi èyí sọ́kàn, nítorí gbogbo aáwọ̀ tó bá àwọn ilé-iṣẹ́ àwo orin ní lẹ́yìn náà, àtibẹ̀ ló ti wá.

Ó fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní ọmọ ọdún 16 kó lè gbọ́ bùkátà ilé. Ó ń gbé oúnjẹ fún àwọn oníbàárà ní ilé oúnjẹ àwọn ará Ítálì, ó sì ń kọrin fún wọn bó ti ń gbé e. Ní 1944 wọ́n mú un wọ iṣẹ́ ológun, ó jagun ní ilẹ̀ Faransé àti Jámánì, ó sì wà lára àwọn tó tú àwọn ẹlẹ́wọ̀n sílẹ̀ ní ọ̀kan lára àwọn àgọ́ ìfìyàjẹni Dachau tí ìjọba Násì dá sílẹ̀. Lẹ́yìn tógun parí tó ṣì wà ní Jámánì, ó pàdé aláwọ̀ dúdú kan tí wọ́n jọ lọ ilé ẹ̀kọ́, ó sì mú un lọ jẹun ọdún Ìdúpẹ́. Ọ̀gá ológun kan rí wọn, ó sì já ipò rẹ̀ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀ nítorí pé ó bá aláwọ̀ dúdú jẹun. Nígbà tí wọ́n wá pè é ní 1965 pé kó wá kọrin fún àwọn tó ń bá Martin Luther King rìn láti Selma lọ sí Montgomery nítorí ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú, ó lọ. Èyí kì í ṣe ara ohun tó o bi mí, ṣùgbọ́n mi ò lè sọ̀rọ̀ rẹ̀ kí n má dárúkọ ìyẹn.

Owó tí ìjọba Amẹ́ríkà yà sọ́tọ̀ kí àwọn tó ti ogun dé lè kàwé ló fi kọ́ orin. Ọ̀nà àtijọ́ ti àwọn ará Ítálì tí wọ́n ń pè ní bel canto ni wọ́n kọ́ ọ. Èémí la fi ń gbé ohùn níbẹ̀, ọ̀fun kì í tì í. Wàá mí sí ìsàlẹ̀, kì í ṣe sí èjìká. Wàá jẹ́ kí ọ̀fun ṣí sílẹ̀ bí ìgbà tó o fẹ́ yán. Wàá sì rọra máa tú èémí náà jáde. Olùkọ́ rẹ̀ kan, Mimi Speer, tó ń gbé ní òpópónà 52 níbi tí àwọn ilé jáàsì tò sí nígbà yẹn, sọ fún un pé kó má sín akọrin kankan jẹ, àwọn onídùùrù àti onífèrè ni kó máa wò. Bó ṣe lọ tẹ́tí sí bí Art Tatum ṣe ń tẹ dùùrù àti bí Stan Getz ṣe ń fọn fèrè nìyẹn. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé tí Bennett bá ń kọrin, á dúró níbi tí o ò rò pé á dúró, á sáré níbi tó yẹ kó dúró, á sì fi ohùn tó ga jù pamọ́ di ìparí.

Ibi tí mo fẹ́ kí dádì rẹ ti gbọ́ mi nìyí. Ẹran kékeré méjì ló wà nínú ọ̀fun, tán-án-ná la ń pè é, òun ló máa ń gbọ̀n tí ohùn fi ń jáde. Bí ọjọ́ orí bá ti ń gòkè, á máa tín-ín-rín, á máa gbẹ, èémí inú àyà náà á sì dín kù. Kò sẹ́ni tí kì í ṣẹlẹ̀ sí, ó ṣẹlẹ̀ sí Bennett náà. Ohun tó ń ba nǹkan jẹ́ ni ìdáhùn tí àwa akọrin máa ń fún un: bí ohùn bá ti ń kéré, a ó fún ọ̀fun pọ̀, a ó pariwo kó lè jáde, tán-án-ná á máa gbá ara wọn, á wú, ó tún lè hu kókó. Ìgbà yẹn ni há á dé. Ní òde àríyá tiwa, èéfín jẹnẹrétọ̀ ń fẹ́ sí akọrin lójú, gáńgan àti gìtá ń dún sí i létí, ẹ̀rọ tó yẹ kó fi máa gbọ́ ohùn ara rẹ̀ lè má sí rárá, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má sinmi láti alẹ́ títí di ìdájí. Bennett ò ṣe irú iṣẹ́ yẹn rí. Wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀ ni eré rẹ̀, dùùrù, báàsì àti ìlù sì ni ó fẹ́ràn jù lẹ́yìn rẹ̀, Ralph Sharon tó ń tẹ dùùrù fún un láti 1957 sì mọ bí wọ́n ṣe ń fi àyè sílẹ̀ fún ohùn. Ojoojúmọ́ ló sì ń kọ do-re-mi tí wọ́n fi kọ́ ọ nígbà ọ̀dọ́, lẹ́yìn tó ti di olókìkí tán. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi kì í fẹ́ gbọ́ èyí, oògùn ni wọ́n máa ń béèrè, wọ́n á ní ṣé oyin ni àbí atalẹ̀. Oyin dáa fún ikọ́. Kò lè kọ́ èèyàn bí wọ́n ṣe ń mí.

Ẹ̀wẹ̀, má rò pé ọ̀nà rẹ̀ tẹ́jú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Lóòótọ́, ó tètè rí i. Pearl Bailey tó jẹ́ akọrin ló fún un láyè nínú eré rẹ̀ ní 1949, Bob Hope aláwàdà rí i níbẹ̀, ó sì yí orúkọ rẹ̀ sí Tony Bennett. Columbia, ilé-iṣẹ́ àwo orin, gbà á ní 1950, nígbà tó sì di 1951 àwo rẹ̀ kan wà ní ipò kìíní lórí àtẹ àwọn orin tó ń tà jù fún ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá. Orin tí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n mọ́, I Left My Heart in San Francisco ti 1962, ẹ̀yìn àwo ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ sí. Inú dúrọ́ọ̀ tí Sharon ń kó ṣẹ́ẹ̀tì sí ló ti bá ìwé orin náà níbi tó gbàgbé rẹ̀ sí. Orin yẹn ò kọjá ipò 19 lórí àtẹ Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n ó gba Grammy, àmì ẹ̀yẹ orin ní Amẹ́ríkà, ó sì bọ́ ọ títí tó fi kú. Nígbà tí orin rọ́ọ̀kì wá gba ìgboro, Columbia ní kó máa kọ orin àwọn ọ̀dọ́. Ó ṣe àwo kan bẹ́ẹ̀ ní 1970, òun fúnra rẹ̀ ló sọ pé èébì gbé òun kí òun tó wọlé lọ kọ ọ́. Ó kúrò lọ́dọ̀ wọn, ó dá ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ó bá Bill Evans onídùùrù ṣe àwo méjì tí mo kà sí èyí tó dáa jù nínú gbogbo iṣẹ́ rẹ̀, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń bá a pín àwo dé ọjà. Kí 1977 tó parí, ilé-iṣẹ́ náà ti kógbá sílé. Ní 1979, gbèsè owó orí ti fẹ́ gba ilé mọ́ ọn lọ́wọ́ ní Los Angeles, kokéènì sì ti wọ̀ ọ́ lára. Díẹ̀ ló kù kó kú sínú ọpọ́n ìwẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ kan, ìyàwó rẹ̀ ló rí i.

Àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ méjì ló pè. Ibi tí Danny, ọ̀kan nínú wọn, ti wọ inú ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn, torí náà nígbà tó o bá ń béèrè bóyá àwọn ọmọ ń fi bàbá pawó, rántí pé gbèsè ni wọ́n kọ́kọ́ bá. Danny dín ìnáwó kù, ó kó bàbá rẹ̀ padà sí New York, Sharon padà sídìí dùùrù, Columbia tún gbà wọ́n ní 1986. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń sọ pé MTV, tẹlifíṣọ̀n orin àwọn ọ̀dọ́, ló sọ Bennett di ọ̀dọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tó lọ kọrin níbẹ̀ ní 1994, kóòtù àti táì rẹ̀ ló wọ̀, orin tó ti ń kọ láti ogójì ọdún sẹ́yìn ló kọ, àwọn tó sì ń bá a lù ú náà ló kó lọ. Ohun kan ṣoṣo tí Danny yí padà ni ibi tí wọ́n ti ń tà á. Àwo tí wọ́n ṣe látinú eré yẹn ló gba Grammy tó ga jù lọ ní 1995. Ní 2014, àwo tí òun àti Lady Gaga ṣe wọ ipò kìíní ní Amẹ́ríkà, ó ti pé ọdún 88 nígbà yẹn.

Ọ̀rọ̀ ìgbàgbé ló kàn. Ní 2015, lẹ́yìn eré kan, Bennett sọ fún Susan ìyàwó rẹ̀ pé òun ò rántí orúkọ àwọn tó ń bá òun lùlù mọ́. Ìyẹn ní kó kọ ọ́ sínú ìwé. Ó ní rárá, dókítà ni òun fẹ́ rí. Ó dùn mọ́ mi pé òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́. Ní 2016, wọ́n sọ fún wọn pé àrùn Alzheimer ni. Wọn ò sì sọ ọ́ síta títí di oṣù Kejì 2021. Ní gbogbo àkókò yẹn ó ń kọrin. Lee Musiker tó ń tẹ dùùrù fún un máa ń wá sílé lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, wọ́n á sì jọ kọ gbogbo orin eré kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìrántí tí a fi ń mọ ohun tí a jẹ láàárọ̀ kọ́ la fi ń mọ orin tí a ti kọ láti ọgọ́ta ọdún wá. Èyí tàárọ̀ yẹn ni àrùn náà kọ́kọ́ máa ń jẹ. Orin àtijọ́ ti wọra bí ilà ojú, ẹnu, èémí àti etí ti mọ̀ ọ́n kí ọkàn tó dá sí i. Ní 2015 kan náà, àwọn onímọ̀ kan ní Leipzig ní Jámánì fi ẹ̀rọ yẹ ọpọlọ wò, wọ́n sì rí i pé ibi tí orin tó ti pẹ́ máa ń wà wà lára ibi tí Alzheimer máa ń pẹ́ kó tó bà jẹ́. Nítorí náà, kò sí idán níbẹ̀. Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé orin ń wo àrùn yìí sàn. Kò wò ó sàn. Bennett kú ní ọjọ́ 21 oṣù Keje 2023.

Ṣé ó wá yẹ kí wọ́n gbé e sórí ìtàgé bẹ́ẹ̀? Mo ti rò ó síwá sẹ́yìn. Ẹni tí kò mọ̀ pé òun ní eré lọ́la, ta ló gbà fún un? Ìbéèrè yẹn ò tíì kúrò lọ́kàn mi, mi ò sì ní purọ́ fún ọ pé mo ní ìdáhùn tó ká a. Ní ìdàkejì, Gayatri Devi, dókítà ọpọlọ tó ń tọ́jú rẹ̀, ló ní kí wọ́n jẹ́ kó máa kọrin, pé ó ń jí ọpọlọ rẹ̀. Lady Gaga sọ pé ó ti pẹ́ tó ti pe orúkọ òun kẹ́yìn, àfi bí òun ṣe jáde sórí ìtàgé lálẹ́ ọjọ́ yẹn tó sì pè é. Ohun tó jẹ́ kí n dá wọn láre ju ìyẹn lọ ni pé lẹ́yìn alẹ́ méjì yẹn, Danny fagi lé gbogbo eré tó kù nínú ọdún náà nítorí ìkìlọ̀ dókítà. Ó ní ìrìn àjò ń rẹ̀ ẹ́, àwọn sì ń bẹ̀rù kó má ṣubú lórí ìtàgé, kì í ṣe pé kò lè kọrin mọ́. Owó wà níbẹ̀ tí wọn ò gbà. Ṣùgbọ́n kí n má bo apá kan mọ́lẹ̀: lẹ́yìn ikú rẹ̀, ní 2024, àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjì gbé Danny lọ sílé ẹjọ́ lórí bó ṣe ń bójú tó ogún bàbá wọn. Ẹ̀sùn ni, ẹ̀sùn kì í sì í ṣe ìdájọ́. Síbẹ̀ ó fi hàn pé bí ọmọ kan ṣoṣo bá ń di àpò bàbá mú, bó ti wù kó ṣe é dáadáa tó, ìjà lè wọlé.

Ní ti dádì rẹ, má jẹ́ kí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ dá wọn dúró lórí ọ̀rọ̀ yẹ̀yẹ́, kí ìwọ náà má sì fi ti Bennett gbèjà wọn kí ẹ tó mọ ohun tó ń ṣe wọ́n. Ohùn tó bá há ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, kì í ṣe tèmi, ti dókítà ọ̀fun ni. Kó wo inú rẹ̀, torí kókó lè wà níbẹ̀, ohun tó le ju kókó lọ náà lè wà níbẹ̀. Ti orin tí wọ́n ń gbàgbé, èwo ni wọ́n ń gbàgbé nínú wọn? Bó bá jẹ́ àwọn orin tuntun tàbí orúkọ àwọn tó ń náwó fún wọn lójú agbo, ó lè jẹ́ àgbà lásán, ó sì lè jẹ́ etí tí kò gbọ́ ohun tí elégbè ń gbè. Ẹ yẹ etí náà wò. Àmọ́ bó bá jẹ́ orin tí wọ́n ti ń kọ láti ìgbà ọ̀dọ́ ni wọ́n ń sọnù sí, tàbí tí wọ́n tún ti ń ṣìnà ládùúgbò tàbí béèrè ọ̀rọ̀ kan náà léraléra nílé, ẹ má pè é ní ṣíṣe arán kẹ́ ẹ sì jókòó tì í, ẹ mú wọn lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Kí wọ́n tó lọ, sọ fún wọn pé Bennett ló ní kí wọ́n mú òun lọ fúnra rẹ̀. Àwọn àgbà akọrin kì í gbọ́rọ̀ sí ọmọ lẹ́nu, wọ́n máa ń gbọ́ ti akọrin ẹgbẹ́ wọn.

Bí dókítà bá ní kò sí wàhálà, iṣẹ́ tèmi wá bẹ̀rẹ̀. Kí onígìtá gbé kíì, ìyẹn ibi tí orin ga dé, wálẹ̀, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Kí elégbè gba ibi tó ga. Kí wọ́n jẹ́ kí ìlù gba àyè láàárín orin kan sí èkejì kí bàbá lè jókòó, kí wọ́n mu omi, kí wọ́n má sì sọ̀rọ̀ lórí ariwo. Kí jẹnẹrétọ̀ wà lẹ́yìn ilé. Owó tó bá wọlé, kí ẹ̀yin ọmọ jọ máa rí ìwé rẹ̀, kì í ṣe ẹnì kan. Bí wọ́n bá sì ti gba àsansílẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni fún òde tó ń bọ̀, ẹ má dá a padà o, ẹ kàn lọ bá onínàáwó ṣáájú ọjọ́ náà, kẹ́ ẹ sọ fún un pé wákàtí kan ni bàbá máa lò, kí ó fi wọ́n sí ìrọ̀lẹ́ kí àwọn ọmọ ẹ̀yìn wọn máa bá òru lọ.